Kọ̀ǹpútà Tí Kì Í Jí Lówùúrọ̀ Ọyẹ́

Àlàbá awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì, ó yíjú sí ìyá mi, ó sì béèrè pé, "Ìyá Rísíkà, ẹ jọ̀ọ́, apá ibo lẹ rò pé Ẹ̀pẹ́ wà?" Títí di ìgbà yẹn, mo rò pé ìrìn-àjò wa ń lọ bó ṣe yẹ. Ojú ọ̀run mọ́ kedere nígbà tí a kúrò ní èbúté Ìbẹ̀ṣẹ̀, kí a tó ṣàdéédéé wọ inú kùrukùru ọyẹ́ láàárín ọ̀sà. Mo jókòó sáàárín agbọ̀n òfìfo mẹ́ta, mo ń jẹ àkàrà tí ìyá àgbà mi dì fún mi, inú mi sì ń dùn nítorí ó dà bí ẹni pé òwú la ń rìn nínú rẹ̀. Ìbéèrè Àlàbá ni mo fi mọ̀ pé ewu ti dé. Ẹni tó ń wakọ̀ kì í béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ èrò. Ìyá mi fà mí mọ́ra, ó tú gèlè rẹ̀, ó sì fi so ọrùn ọwọ́ mi mọ́ tirẹ̀ ní ìso méjì. Kò pẹ́ sí i tí ọkọ̀ wa fi kọlu àwọn igi tí àwọn apẹja rì mọ́lẹ̀, pákó ìsàlẹ̀ rẹ̀ là, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Igi tó fọ́ ọkọ̀ wa náà la dì mú. Omi dé àyà ìyá mi, èmi wà ní èjìká rẹ̀, Àlàbá ń ka gbogbo àdúrà tó mọ̀, títí oòrùn fi ká kùrukùru náà kúrò tí àwọn apẹja fi rí wa. Nígbà tí ojú mọ́ tán, a rí i pé ilé wa la kọjú sí látìgbà yẹn, kì í ṣe Ẹ̀pẹ́.

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, n kò sì tíì gbàgbé. Títí di òní, bí mo bá fẹ́ wẹ̀, mo máa ń wo inú korobá kí n tó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Mi ò wọ ọkọ̀ tí mi ò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ pákó ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò. Àwọn ọmọ mi ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀, mo sì ń jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Ṣùgbọ́n bí mo bá jókòó tí mo rántí ọdún yẹn, ẹ̀rín ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu, kí ẹ̀rù tó dé, nítorí ọdún yẹn náà ni kọ̀ǹpútà wọ ilé wa, tí ó sì ń bá wa gbé bí àlejò tó ní ìwà tirẹ̀.

Ilé wa kọjú sí ọ̀sà. Ohùn àkọ́kọ́ tí mo máa ń gbọ́ lójoojúmọ́ ni ìrin àgbọn Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi. Àdí àgbọn ló ń ṣe tà. Á jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, á máa rin àgbọn, ríkí, ríkí, ríkí, àwọn adìyẹ á yí i ká, wọ́n á máa ṣa èyí tó bá jábọ́. Lẹ́yìn náà, ìyá mi á ṣí ààrò tó fi ń yan ẹja, bàbá mi á sì tan rédíò rẹ̀. Òórùn àgbọn tó ń hó, èéfín ẹja, àti ṣààà rédíò, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni ilé wa. Lówùúrọ̀ ọyẹ́, àdí inú ìgò a máa dì, á funfun bí ọ̀rá. Ìyá Àgbà kì í sọ pé ó dì. Ó máa ń sọ pé ó sùn. Á gbé ìgò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, á ní kí n lọ jí àdí, èmi á sì jókòó tì í, n ó máa wò ó bó ṣe ń jí díẹ̀díẹ̀ láti etí ìgò, títí tí á fi mọ́ gaara bí omi. Ní ọ̀sán, kò sẹ́ni tó ń jí i. Oòrùn ti jí i.

Òfin kan wà tí Ìyá Àgbà fi ń ṣàkóso ilé yẹn. Omi ọ̀sà a máa yọ iyọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, atẹ́gùn rẹ̀ sì ń jẹ irin bí ẹni jẹ ẹ̀kọ. Nítorí náà, ó máa ń wí pé, "Irin tí ẹ kò bá fún ní àdí jẹ, iyọ̀ ni yóò jẹ ẹ́." Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn tí mo bá dé láti ilé kéwú, iṣẹ́ mi ni láti mú àkísà kékeré, kí n rì í sínú àdí, kí n sì fi nu gbogbo irin tó wà nílé: ọbẹ, àáké, àlùmọ́gàjí, àgádágodo, abẹ́rẹ́, irin tí a fi ń rin àgbọn, àní ìdè ìlẹ̀kùn ilé ìwẹ̀. Ìyá Àgbà á tẹ̀lé mi lẹ́yìn, á máa fi ìka wò ó. Bí ìka rẹ̀ kò bá dán, mo máa tún un ṣe. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn. Ó mú kí n rò pé bí mo bá fi àdí pa gbogbo ohun tó wà nílé wa, kò sí ohun tí omi ọ̀sà lè fi wọ́n ṣe mọ́.

Bàbá mi ń tún rédíò ṣe ní Ìkòròdú. Ní ilé, ó ní rédíò tirẹ̀ tó yàtọ̀. Kì í ṣe asọ̀rọ̀mágbèsì tí gbogbo ilé ní. Èyí ń sọ̀rọ̀, ó sì ń gba èsì. Ó ní ìwé àṣẹ fún un, ó sì gbé ìwé náà kọ́ sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ìgbéyàwó wọn. Ẹni tí ó máa ń bá sọ̀rọ̀ jù ni Bàbá Ẹ̀pẹ́, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, tí ilé rẹ̀ wà létí omi ní Ẹ̀pẹ́. Ṣùgbọ́n àìsàn ọ̀fun mú Bàbá Ẹ̀pẹ́ ní ọdún tó ṣáájú. Ó yè é, ohùn rẹ̀ ni kò padà wá. Bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, á fi ẹnu sí ẹni létí, ohun tí ẹni yóò gbọ́ kò sì ju atẹ́gùn lọ. Ní àsìkò yẹn, kò sí tẹlifóònù kankan ní Ìbẹ̀ṣẹ̀.

Lẹ́yìn tí omi fẹ́ gbé wa lọ, bàbá mi sọ pé ìyá mi kò gbọdọ̀ gun ọkọ̀ nínú ọyẹ́ mọ́. Ìyá mi ní kí ni kí òun máa yan lórí ààrò, ṣé adìyẹ Ìyá ni? Ẹja Ẹ̀pẹ́ ló ń rà, òun ló ń yan, òun ló sì ń tà ní ọjà Ìkòròdú. Ọ̀nà ilẹ̀ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹja á ti máa rọ̀ kí ọkọ̀ tó kún ní garéèjì. Wọ́n wá fẹnu kò sí nǹkan kan. Bàbá Ẹ̀pẹ́ á máa jáde lẹ́yìn ìrun àárọ̀, á wo àwọn igi apẹja tó wà níwájú ilé rẹ̀, á sì fi rédíò sọ bí ojú omi ṣe rí. Nítorí pé kò lóhùn, bọ́tìnnì ló máa tẹ̀: pì kan, kí ìyá mi máa bọ̀, pì méjì, kó dúró. Ọjọ́ kẹta, ariwo afẹ́fẹ́ gbé pì kan nínú méjì mì. Ìyá mi gbéra. Ọlọ́run ló ní kí Àlàbá rí kùrukùru náà lókèèrè, tó fi yí ọkọ̀ padà. Nígbà tí ìyá mi wọlé, ó jókòó sílẹ̀, ó ní, "Mi ò ní fi ẹ̀mí mi lé pì lọ́wọ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn lè kà ni mo fẹ́."

Bí kọ̀ǹpútà ṣe dé nìyẹn. Bàbá mi rí méjì rà ní òkìtì ẹrù àlòkù, ó fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí Ẹ̀pẹ́. Wọ́n ti gbó nígbà náà, ẹni tó bá rí wọn lónìí á rò pé àpótí oúnjẹ ni wọ́n. Wọ́n ṣeé gbé lọ́wọ́, wọ́n ń lo bátìrì kéékèèké mẹ́rin, ojú wọn kò ju ìlà ọ̀rọ̀ mẹ́jọ lọ. Àpótí pẹlẹbẹ kan wà láàárín kọ̀ǹpútà àti rédíò tó ń sọ lẹ́tà di ìfé, tó sì ń sọ ìfé padà di lẹ́tà. Bí ọ̀rọ̀ kò bá dé pé, ó máa tún un rán títí tí ti ọ̀hún á fi jẹ́rìí pé òun gbà á. Wáyà kan ló so kọ̀ǹpútà mọ́ àpótí yìí, orí wáyà náà sì ní ọ̀pọ̀ eyín wẹ́wẹ́ bí eyín ẹja. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni bàbá mi fi bá wáyà yẹn jà. Ó kọ́kọ́ so ẹnu kọ̀ǹpútà mọ́ ẹnu àpótí, àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀, ìkankan kò gbọ́ èkejì. Ó yí i kí ẹnu ọ̀kan lè kọjú sí etí èkejì, ọ̀rọ̀ wá, ṣùgbọ́n ọ̀kan ń yára ju èkejì lọ, ohun tó hàn lójú kọ̀ǹpútà sì rí bí ìgbà tí adìyẹ bá tẹ ẹrẹ̀. Ìyá Àgbà tẹjú mọ́ ọn, ó ní Bàbá Ẹ̀pẹ́ ti kọ́ èdè mìíràn. Nígbà tí bàbá mi mú kí ìyára wọn dọ́gba, ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọ̀rọ̀ jáde pérépéré: "Ẹ kú ilé o. Ṣé Rísíkà ti ń jẹun?" Gbogbo wa hó. Ìyá mi fi ọwọ́ kan ojú kọ̀ǹpútà náà bí ẹni fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, bàbá mi yọ wáyà, ó ká a, ó sì sọ fún mi pé kí n bá òun tọ́jú rẹ̀ dáadáa o, nítorí ẹ̀mí ìyá mi wà lára rẹ̀.

Mo tọ́jú rẹ̀. Ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni bí mo ṣe tọ́jú rẹ̀.

Láti Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e ni kọ̀ǹpútà ti bẹ̀rẹ̀ ìwà tuntun. Lọ́sàn-án, á máa sọ̀rọ̀ bí ẹyẹ ìbákà. Lówùúrọ̀, nígbà tí a nílò rẹ̀ gan-an, kò ní fọhùn. A ń gbọ́ ìfé Bàbá Ẹ̀pẹ́ nínú rédíò, ọ̀rọ̀ ti wọ inú ilé wa, ṣùgbọ́n ojú kọ̀ǹpútà á ṣófo. Ìyá mi kò lè lọ títí oòrùn á fi ga, kó sì tó dé Ẹ̀pẹ́, ẹja tó dára á ti tán. Bàbá mi ní ojú sánmà ló fà á. Ó gun igi àgbọn, ó yí irin tó ń gba ohùn rédíò sí apá mìíràn. Kò yí padà. Ó ní bátìrì ni, ó pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Kò yí padà. Ó wá fi wáyà tíńtín so ẹnu kọ̀ǹpútà mọ́ etí ara rẹ̀ ní orí kejì wáyà náà, kí ohun tó bá sọ lè padà sí i létí. Lọ́sàn-án, ó tẹ orúkọ mi, orúkọ mi sì padà wá. Lówùúrọ̀, ó tẹ orúkọ mi, n kò padà wá. Ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó ní ó dára, kì í ṣe sánmà, kì í ṣe rédíò, kì í sì í ṣe Bàbá Ẹ̀pẹ́. Nínú ilé yìí ni àrùn náà wà.

Ìyá Àgbà bi í pé, "Ọmọ mi, ṣé kì í ṣe pé ó ń sùn ni?"

Bàbá mi ní, "Ìyá, ẹ̀rọ kì í sùn."

"Àdí náà kì í ṣe ènìyàn," ni Ìyá Àgbà wí, "ó sì ń sùn."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, ó gbé kọ̀ǹpútà àti gbogbo ohun tó so mọ́ ọn lọ sí ilé ìdáná, ó gbé e sórí àpótí ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó sì jókòó tì í. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi hàn. Bó ṣe di ìṣe wa nìyẹn. Ní àràárọ̀, kọ̀ǹpútà á jókòó ní apá kan ààrò, ìgò àdí á jókòó ní apá kejì, èmi á wà láàárín. Ayálégbé wa kan, òṣìṣẹ́ tó ń lọ sí Èkó lójoojúmọ́, yọjú wọlé láti kí wa, ó ní, "Ìyá, ṣé kọ̀ǹpútà lẹ ti ń yan báyìí ni?" Ìyá Àgbà ní, "A ò tíì fi iyọ̀ sí i. Ẹ yà nírọ̀lẹ́, ẹ ó bá orí rẹ̀." Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi dé ojú títì. Mo ṣì ń gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Ilé tí ẹ̀rù ti wọ̀ kì í tètè rẹ́rìn-ín, àwa sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

Àmọ́ èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú kọ̀ǹpútà. Bọ́tìnnì ń lẹ̀, bàbá mi sì ní òun kò ní gbé e dé ibi iná mọ́, àfi kó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó ní yàrá. Ọjọ́ kejì náà ni ọyẹ́ mú jù lọ ní ọdún yẹn. Ojú ọ̀run Ìbẹ̀ṣẹ̀ mọ́ bí awo. Rédíò súfèé, ó dákẹ́, ó tún súfèé. Ojú kọ̀ǹpútà ṣófo lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ìyá mi ti pàdánù ọjọ́ ọjà méjì ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú agbọ̀n lórí, ó ní òun rí ojú ọ̀run fúnra òun, Àlàbá sì ń pè. Bàbá mi ní kó ní sùúrù díẹ̀ sí i. Ìyá mi fèsì pé sùúrù kì í ṣe ẹja. Ó sì lọ.

Ilé ìdáná ni mo wà, mo ń jí àdí tí Ìyá Àgbà fẹ́ fi pa mí lẹ́sẹ̀. Mo di ìgò náà mú, mo ń wo àdí tó ṣì funfun nínú rẹ̀. Mo rò ó bí ọmọdé ṣe máa ń rò nǹkan, láìmọ̀ pé mo ń rò ó. Àdí ń sùn láàárọ̀, kọ̀ǹpútà ń sùn láàárọ̀. Àdí ń jí lọ́sàn-án, kọ̀ǹpútà ń jí lọ́sàn-án. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò yìí, àwọn méjèèjì jọ máa ń jí ni. Mo wá rántí àkísà mi, àti Jímọ̀ mẹ́ta, àti àwọn eyín wẹ́wẹ́ orí wáyà tí mo fi àdí pa tìfẹ́tìfẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ mi tutù ju ìgò náà lọ. Mo lè pa ẹnu mọ́. Mo sọ òtítọ́: mo rò ó pé kí n pa ẹnu mọ́. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ẹ́ńjìnnì Àlàbá tó ń wúkọ́ létí omi.

Mo wọ yàrá, mo ní, "Bàbá, àdí ló sùn sí i lẹ́nu."

Ó wò mí. Ó fa orí wáyà yọ, ó gbé e sójú, ó gbé e sí imú. Láàárín àwọn eyín náà, àdí ti dì pẹ̀lú eruku ọyẹ́, ó funfun, ó lẹ̀ mọ́ wọn bí ìdọ̀tí eyín ọmọ tí kò fọ ẹnu. Ó bi mí pé ta ló fi sí i. Mo ní èmi ni, ní ọjọ́ Jímọ̀, nítorí iyọ̀. N kò mọ bí ojú rẹ̀ ṣe rí, nítorí ilẹ̀ ni mo ń wò. Ohun tí mo gbọ́ ni pé ó ní, "Gbé kẹrosín-ìnnì wá. Sáré." Ó fi òwú àti kẹrosín-ìnnì nù ún, ó fi abẹ́rẹ́ yọ èyí tó wà nínú ihò ara kọ̀ǹpútà, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó tì í bọ̀ ọ́ padà. A dúró. Rédíò súfèé. Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń rìn bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn: "Kí wọ́n má gbéra o. N kò rí igi àkọ́kọ́. N kò rí ọwọ́ ara mi."

Láti ọjọ́ tí omi ti fẹ́ gbé wa lọ, n kò tíì sún mọ́ etí ọ̀sà. Bí wọ́n bá rán mi níṣẹ́ lọ sí èbúté, mo máa ń dúró lábẹ́ igi, n ó máa pariwo láti ibẹ̀. Ní òwúrọ̀ yẹn, n kò mọ ìgbà tí mo kọjá igi náà. Ọkọ̀ ti kúrò létí omi, Àlàbá ti ń yí orí rẹ̀ sójú ọ̀nà. Mo fẹ́ pe ìyá mi, èémí kò jẹ́. Ìyá mi ṣàdéédéé bojú wẹ̀yìn, ó rí mi, ó sì di Àlàbá léjìká mú. Ó sọ fún mi lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pé òun kò dúró de ohun tí mo fẹ́ sọ. Omi ló rí tó dé mi ní orúnkún, ó sì mọ̀ pé kò sí ohun tó lè gbé mi dé ibẹ̀ bí kò bá ṣe pé ọ̀rọ̀ náà ti dé. Ó sọ̀kalẹ̀ sínú omi pẹ̀lú aṣọ rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ tó kù náà dúró. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ìròyìn dé pé ọkọ̀ méjì láti ibòmíràn kọlu igi lọ́nà Ẹ̀pẹ́. Ẹrù wọn ló lọ, ènìyàn kankan kò lọ.

Mo retí pàṣán ní gbogbo ọjọ́ yẹn. Pàṣán kò dé. Ìyá Àgbà pè mí sídìí ààrò, ó ní òun ló ṣe òfin, òun ló sì gbàgbé láti sọ ibi tí òfin parí sí. Ó ronú díẹ̀, ó wá ṣe àtúnṣe: gbogbo irin ni kí n fún ní àdí jẹ, àfi irin tó ń sọ̀rọ̀. Ó bi bàbá mi bóyá ó pé bẹ́ẹ̀. Bàbá mi ní ó pé. Láti ìgbà náà, lówùúrọ̀ ọyẹ́ títutù jù lọ, kọ̀ǹpútà máa ń jí kí adìyẹ tó jí.

Èmi nìkan ni ó kù. Mo ti wọ omi dé orúnkún, ṣùgbọ́n n kò tíì lè wọ ọkọ̀. Ìyá mi kò fi ipá mú mi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ ti ń parí lọ, bàbá mi pè mí kí n wá ka ọ̀rọ̀ tó wọlé fún wọn. Mo kà á sókè: "Mo rí gbogbo igi. Mo rí ẹyẹ tó bà lórí ìkẹta. Kí Rísíkà máa bọ̀ wá jẹ ẹja." Mo wọ bàtà mi. Mo fi ẹsẹ̀ tẹ gbogbo pákó ìsàlẹ̀ ọkọ̀ Àlàbá, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì dúró kí n tẹ̀ wọ́n tán. Bí a ti ń lọ, ìyá mi tú gèlè rẹ̀, ó nà án sí mi bóyá mo fẹ́ kó so ọwọ́ wa pọ̀. Mo ní kó máa wé e lọ.

Bàbá Ẹ̀pẹ́ ti dúró sínú omi kí a tó dé. Ó gbé mi kúrò nínú ọkọ̀, ó fi ẹnu sí mi létí, ó ní, "O dé." Kí n tó jẹ ẹja, ó mú mi lọ sídìí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó ní kí n sọ fún bàbá mi fúnra mi. Mo fi ìka kan tẹ̀ ẹ́: "Mo ti dé." A dúró. Rédíò súfèé, ọ̀rọ̀ sì wọlé: "Ọlọ́run ṣeun. Ìyá Àgbà ń béèrè pé ṣé o kò fi àdí pa ti ibẹ̀ náà."

Bàbá Ẹ̀pẹ́ rẹ́rìn-ín láìsí ohùn, èjìká rẹ̀ ń mì, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá mi fi ohùn tirẹ̀ rẹ́rìn-ín fún àwọn méjèèjì. Èmi ń wá lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan lórí àwọn bọ́tìnnì, mo sì dá Ìyá Àgbà lóhùn: "Rárá o. Ọbẹ wọn nìkan ni mo máa pa."